Apondi àti Àwọn Òbìrìkìtì Asembo

Ẹni tó bá ní òun mọ Kisumu tí kò sì mọ Apondi, ó kàn ń gba ìlú náà kọjá ni. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì lè lé ẹyẹ kúrò lórí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń ya fọ́ọ̀mù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì létí adágún ńlá Kisumu ní Kenya, kò sí ẹni tó mọ òbìrìkìtì tó o. Òbìrìkìtì wẹ́wẹ́ yẹn tí fóònù máa ń tò síwájú èèyàn pé kó mú ọ̀kan: ọkọ̀ òwúrọ̀ lo fẹ́ wọ̀ àbí ti ìrọ̀lẹ́, ìwọ lo ni ilẹ̀ àbí o yá a. Ẹlòmíràn á ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú Apondi ti fi ọ̀sán rẹ̀ tọrẹ, nítorí oòrùn á wọ̀ bá a lẹ́nu àlàyé tí yóò gbọ́.

Ọ̀dọ̀ Ochola, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti kọ́kọ́ rí ohun tó jọ ọ́. Ochola ní Pijó àtijọ́ kan tó ń fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí rédíò inú rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n jí màlúù rẹ̀ kó. Àwọn bọ́tìnnì funfun tò síwájú rédíò náà bí eyín. Bí èèyàn bá tẹ ọ̀kan wọlé, èyí tó ti wà nínú tẹ́lẹ̀ á fò jáde páà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè jọ wọlé. Àfi bí ẹni pé àga kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wọn, bí ẹnì kan bá jókòó, ẹnì kan á dìde. Wọ́n ní bọ́tìnnì náà lágbára débi pé ọjọ́ kan tí Ochola tẹrí sún mọ́ ọn jù, ó fò jáde, ó sì gba eyín iwájú rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé Ochola kò ní eyín iwájú. Èyí tó bá kù níbẹ̀, rédíò ni kí ẹ bi. Apondi á jókòó sínú Pijó yẹn, á máa tẹ èyí, á máa tẹ ìyẹn, títí bátìrì á fi kú, tí Ochola á sì máa lé e yí àgbàlá ká. Nígbà tó dàgbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí olùkọ́ sọ pé ara rédíò ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ òbìrìkìtì orí fọ́ọ̀mù, ẹ̀rín pa á débi pé wọ́n ní kó jáde lọ mu omi.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń dín ẹja nísàlẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, òun àti Wekesa, ọmọ Bungoma, ló sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èéfín ẹja a máa gòkè wá bá wọn, kọ̀ǹpútà wọn náà sì ti ń rùn bí ìdí ìkòkò. Níbẹ̀ ni Apondi ti ń ṣe òbìrìkìtì bí ẹni ń mọ ìkòkò. Ìsàlẹ̀ ara wọn ló máa ń tò wọ́n sí, kì í tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ọ̀rọ̀ ẹni òsì kó tẹ òbìrìkìtì ẹni ọ̀tún. Kì í jẹ́ kó jẹ́ ihò kékeré yẹn nìkan ló ń gbọ́ ìtẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí àtàǹpàkò apẹja létí adágún tóbi ju òbìrìkìtì mẹ́ta lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kì í fi àmì sínú ọ̀kankan kí ẹni tó ni ìka tó dé. Ó ní bí o bá ti bá èèyàn mú, kò ní mú mọ́, á kàn kọjá lọ bí ẹni pé wọ́n ti kí i. Bó bá sì parí fọ́ọ̀mù kan, á pe èèyàn jókòó kó wá kún un, òun á fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, á jókòó lé wọn, kó má baà tọ́ka ibi tí wọn yóò tẹ̀. Wekesa máa ń sọ pé ọmọbìnrin yìí nìkan ló ń fi ìdí há ọwọ́ mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ní gbogbo Kenya.

Ó wá kan ìgbà kan, ilé ìwòsàn ojú kan gbé iṣẹ́ wá. Àwọn dókítà fẹ́ wá pa àgọ́ sí Asembo kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tí awọ funfun ti bo ẹyinjú wọn. Bẹ́ẹ̀dì kò pọ̀, àwọn opó ni wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ọkọ tí yóò fà á lọ́wọ́ dé ìlú ni ojú rẹ̀ máa ń fọ́ sílé láìsí ẹni tó gbọ́. Dókítà Mwikali ló ń darí iṣẹ́ náà, obìnrin ẹ̀yà Kamba kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Wọ́n ní tó bá sín, ó máa ń gé e kúrú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn ìbéèrè ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bi obìnrin léèrè ipò tó wà, òbìrìkìtì mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ rẹ̀: mi ò tíì lọ́kọ, mo lọ́kọ, èmi àti ọkọ mi ti kọ ara wa, ọkọ mi ti kú.

Ara Asembo ni Apondi fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni Dani Yunia wà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, tó sì tọ́ òun dàgbà. Dani ni wọ́n máa ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Ojú Dani ti funfun bí ojú ẹja tó ti jinná. Bí èèyàn bá dúró síwájú rẹ̀, òjìji ló ń rí; bí ewúrẹ́ bá dúró síbẹ̀, òjìji náà ni, ó sì ti bẹ ewúrẹ́ kan rí pé kó jọ̀ọ́ bá òun gbé omi. Nítorí Dani ni Apondi ṣe sáré iṣẹ́ náà. Òjò ti gé ọ̀nà Asembo nígbà yẹn, ló bá kúkú pe àwọn ọmọbìnrin tó ń dín ẹja nísàlẹ̀ pé kí wọ́n wá tẹ fọ́ọ̀mù náà wò. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ló tẹ̀ ẹ́ pé àwọn ò tíì lọ́kọ, títí kan èyí tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Apondi ní ó ti dára bẹ́ẹ̀, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Akeyo, obìnrin tó ń bá ìjọba bójú tó ìlera ní abúlé, pé kó máa gbé fóònù láti àgbàlá dé àgbàlá, kó máa ka ọ̀rọ̀ fún àwọn ìyá, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí Dókítà Mwikali fi pè. Ó ní òun ti wo gbogbo ohun tó ti Asembo wá, àwọn ìyá arúgbó ló kún inú rẹ̀, kò sì sí opó kan ṣoṣo láàárín wọn. Ó ní kò burú, inú òun dùn sí i fún wọn, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun á gbé àgọ́ lọ sí apá ibòmíràn tí opó wà. Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Wekesa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ padà.

"Apondi, kí lẹ̀ ń fún àwọn ọkùnrin yín jẹ ní Asembo tí wọn kì í fi í kú?"

"Ẹja ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ adìẹ ní Bungoma, ẹ ṣì máa kú dáadáa."

Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú fọ́ọ̀mù náà wò látòkè délẹ̀, bóyá òbìrìkìtì opó ló ti di adití. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́. Wọ́n fi fóònù olówó pọ́ọ́kú tẹ̀ ẹ́, ó tún gbọ́. Wekesa wá fa àga sún mọ́ ọn, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kó fi àmì sínú òbìrìkìtì opó sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìyá arúgbó wo ló máa yọ ọ́? Wọ́n á kàn kọjá ni, Dani á dé orí bẹ́ẹ̀dì, ojú á là, kò sì sí ẹni tó kú nínú rẹ̀.

 Iṣẹ́ náà kò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń mu ife ṣáì kan, tíì oníwàrà ibẹ̀, tán. Apondi rí Dani lójú ọkàn rẹ̀, níbi tó ti ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn.

"Tí mo bá bá wọn dáhùn," ló wá sọ, "kí ni mo tún ń bi wọ́n fún?"

"Wá lọ bi wọ́n nígbà náà," ni Wekesa wí. "Jókòó lé ọwọ́ ẹ lọ́hùn-ún."

Bó ṣe wọ mátátù, bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀, lọ nìyẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀dà parí sí, ó gun ọ̀kadà. Ẹrẹ̀ ọ̀nà Asembo lẹ́yìn òjò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ròyìn fún ọmọ ìkókó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ó gbé ọlọ́kadà kan mì nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀hún tó fi ku fìlà rẹ̀ nìkan lókè, fìlà náà sì ṣì ń bá ẹni tó gbé sẹ́yìn jiyàn òṣèlú. Ti Apondi kò le tó ìyẹn. Bàtà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún ẹrẹ̀.

Ó bá Dani lórí ẹní níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò lára omena, ẹja wẹ́wẹ́ adágún. Dani gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ta ló ń fi bàtà kan rìn. Lẹ́yìn tí wọ́n kí ara wọn tẹ́rùn, tí ó ti fipá mu ṣáì, tí ó ti ṣàlàyé ìdí tí kò fi sanra, Apondi yọ fóònù, ó ka òbìrìkìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè fún Dani bí Akeyo ṣe kà wọ́n. Dani gbé fóònù sún mọ́ imú, ibi tó ti lè rí dúdú àti funfun díẹ̀, ìka rẹ̀ sì lọ tààrà sórí "mo lọ́kọ."

Apondi rọra rán an létí pé bàbá àgbà ti kú láti ìgbà tí òun ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ní kò kú?" ni Dani wí. "Èmi ni mo sun ẹkún tí wọ́n gbọ́ dé Uyoma. Kíkú ló kú, kò kọ̀ mí. Màlúù ìdána tí wọ́n dà lọ sílé bàbá mi, ta ló dá ọ̀kan padà níbẹ̀? Òun ló dùbúlẹ̀ sínú sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí, ilé rẹ̀ ni mo wà, ìyàwó rẹ̀ ni mí."

"Dani, mo gbọ́. Ẹ̀yin ò wá lè tẹ èyí tó kẹ́yìn, pé ó ti kú? Òótọ́ náà kọ́ ni?"

"Mo tẹ̀ ẹ́." Dani gbé ọwọ́ kúrò lórí omena. "Mo ti tẹ 'mo lọ́kọ' tẹ́lẹ̀, Akeyo ní kí n tẹ ìyẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Dúdú kan bọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà tí mo wò ó, dúdú tó wà nínú 'mo lọ́kọ' ti kúrò. Wọ́n pa á rẹ́. Ọwọ́ ta ló pa á rẹ́, Apondi? Ọwọ́ mi yìí. Mo bá sáré dá a padà sáyè rẹ̀, mo sì bẹ ọkọ mi."

 Láti inú Pijó Ochola ni Apondi ti ń yin òbìrìkìtì fún bó ṣe ń lé èkejì rẹ̀ jáde, ó ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó ti fi pa ẹ̀rín. Kò fìgbà kan rò ó pé èyí tó ń fò jáde lè jẹ́ ọkọ èèyàn. Ó bi Akeyo, Akeyo ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Àwọn kan kò tilẹ̀ gbà kí ó ka ìkẹyìn yẹn tán.

Ó pe Wekesa. Wekesa ní ohun tó rọrùn ni, kó yọ òbìrìkìtì, kó fi onígun mẹ́rin sí i, èyí tí èèyàn lè tẹ méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ tí ọ̀kan ò ní lé èkejì. Kí wọ́n tẹ "mo lọ́kọ," kí wọ́n tẹ "ó ti kú," kí àlàáfíà jọba. Apondi rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ìka kan náà ni wọn yóò ṣì fi tẹ ikú. Ó sọ fún Wekesa pé àṣìṣe náà kò sí lára òbìrìkìtì. Ìbéèrè ló ṣì wọ́n pè.

Ní ọjọ́ kejì, ó tẹ̀ lé àwọn obìnrin lọ sétí omi níbi tí wọ́n ti ń sá omena, ó fa Dani lọ́wọ́ dání. Kò yọ fóònù. Ó ń bá wọn tẹ́ ẹja sórí àwọ̀n, ó ń gbọ́ wọn. Àwọn obìnrin ibẹ̀, ìlú tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n fi ń pe ara wọn, nítorí náà Ọmọ Uyoma ni gbogbo wọ́n ń pe Dani. Wọ́n ń kí ara wọn bí wọ́n ṣe ń dé, wọ́n ń béèrè ilé, wọ́n ń béèrè ẹran, wọ́n ń béèrè baálé. Ọ̀kan ní tòun wà lórí omi láti àná. Èkejì ní tòun wà ní Mombasa, ó ń ṣọ́ ilé olówó. Nígbà tó kan obìnrin arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ó ní tòun ń sùn nínú àgbàlá, ó sì kọjá lọ bí ẹni tó sọ pé òjò rọ̀. Kò sí ẹni tó kẹ́dùn, kò sí ẹni tó dákẹ́. Apondi nìkan ló di ẹja kan mú tó gbàgbé láti tẹ́ ẹ.

Ó jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà lé itan, ó yí ìbéèrè náà padà. Kò béèrè ohun tí obìnrin jẹ́ mọ́. Ó béèrè pé: níbo ni baálé rẹ ń sùn? Ó wá to òbìrìkìtì sábẹ́ ara wọn: inú ilé, ẹnu iṣẹ́, lájò, inú àgbàlá, mi ò ní baálé. Ó kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́, wọ́n wo ara wọn. Obìnrin tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Àbúrò ọkọ mi tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ ńkọ́, tó ń wá jẹ ẹja mi lálaalẹ́? Òbìrìkìtì tiẹ̀ dà?"

"Kó lọ wá tiẹ̀ nílé ìyàwó ẹ̀," ni Dani wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín tí àwọn ẹyẹ fi gbéra.

"Onílé ni mo bi, Mama," ni Apondi dá a lóhùn. "Mi ò bi àlejò."

Ó wá sọ ojú abẹ níkòó fún wọn, pé ẹni tí baálé rẹ̀ bá ń sùn nínú àgbàlá ni ilé ìwòsàn máa kọ́kọ́ mú, àti pé nínú ìwé tiwọn lọ́hùn-ún, opó ni wọ́n máa pè é. Dani ní ohun tí wọ́n bá ń pe òun lẹ́yìn, ẹjọ́ ẹnu wọn nìyẹn, kí wọ́n ṣáà má ní kí òun fi ẹnu ara òun pè é. Ó na ọwọ́ gba fóònù. Apondi ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Dani gbé e sún mọ́ imú, ó ní kí wọ́n tún kà á, ó sì fi ìka rẹ̀ tẹ "inú àgbàlá." Ó wò ó pẹ́. Kò sí ohun tó kú níbẹ̀. Ó fi fóònù fún ẹnì kejì rẹ̀.

Ó wá ku Dókítà Mwikali. Òun náà gbọ́ ọ, kò fẹ́ gbà. Ó ní nínú ìwé ilé ìwòsàn, kò sí àyè tí wọ́n ń kọ àgbàlá sí. Ṣé àgbàlá lòun máa fi iná wò lójú ni? Apondi fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ohun tó kọ sójú rẹ̀ ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa rí. Ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ ló máa dé ilé ìwòsàn. Ó ti kọ "àgbàlá" sójú, ó sì ti kọ "opó" sẹ́yìn, àwọn ìyá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.



"Ṣé nǹkan yẹn ti ní ẹ̀yìn tipẹ́?" ni Dókítà béèrè.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ò sí níbi tí wọ́n ti ń wò ó ni, Dókítà."

Ó ní ó dáa, kó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni òun sọ, Jímọ̀ náà sì ni. Akeyo tún di aṣọ mọ́dìí, ó tún àgbàlá gbogbo yí ká nínú ẹrẹ̀, Apondi sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà tó yá. Níbi tí fóònù ò ti rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọ́n á gun orí òkìtì ikán, wọ́n á gbé e sókè títí fọ́ọ̀mù á fi lọ. Àwọn kan ní òkìtì kan wà níbẹ̀ tó ga débi pé Akeyo rí òrùlé Kampala láti orí rẹ̀, ó sì juwọ́ sí wọn. Nígbà tó di òwúrọ̀ Jímọ̀, Dókítà Mwikali tún pè.

"Apondi, kí ló pa gbogbo ọkùnrin Asembo láàárín ọjọ́ méjì?" Kó tó dáhùn, ó ní àgọ́ ò lọ síbì kankan mọ́, kí wọ́n wá ibi tó tẹ́jú sílẹ̀.

Àgọ́ dé. Dani wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ó bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lórí aṣọ tí wọ́n ní kó wọ̀, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀. Wekesa wá láti Kisumu lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ó gbé adìẹ láàyè kan dání, ó ní òun ò lè wá sí ilé àwọn ẹlẹ́ja láìgbé oúnjẹ ara òun lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà. Dani ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Adìẹ ló kọ́kọ́ rí. Ó ní àkùkọ pupa ni, ìyẹ́ ìrù ẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó wo Wekesa láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi í bóyá wọ́n máa ń bí wọn gùn báyìí ní Bungoma ni. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Apondi. Ó wò ó. Ó na ọwọ́, ó sì fa irun kan jáde níwájú orí rẹ̀.

"Irun funfun nìyí," ló wí. "Ìgbà wo lo dàgbà? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Apondi fẹ́ fà á lọ́wọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe máa ń ṣe. Dani gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jáde nínú àgọ́, ó sì forí lé ọ̀nà ilé, ó ń fo ibi tí omi dá rogún sí. Apondi di àpò mú, ó di bàtà mú, ó ń sáré tẹ̀ lé e.